Bàbá ti lọ, ọmọ kékeré kò bá wọn: bí a ṣe ń fi fọ́tò kun àwòrán gbogbo ìdílé

Ìbéèrè: "Màmá wa máa pé ẹni 70 ọdún ní oṣù mẹ́jọ sí i. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fún wọn ní àwòrán ìdílé tí wọ́n fi ọwọ́ kùn, tí gbogbo wa máa wà nínú rẹ̀: Màmá, Bàbá, àwa méjèèjì àti àwọn ọmọ mi méjì. Ọdún 11 rèé tí Bàbá ti kú, àbíkẹ́yìn mi ò bá wọn láyé. Kò sí fọ́tò kankan tí gbogbo wa pé sí. Èyí tó mọ́ jù nínú fọ́tò Bàbá ni pélébé tí wọ́n yà fún ìwé ìrìnnà. Ayàwòrán kan ní ká ṣáà kó gbogbo fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé òun á parí ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ó ṣeé ṣe? Kí ló yẹ ká wò ká tó sanwó?"

Ó ṣeé ṣe. Mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀, torí mo mọ̀ pé ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn jù ni bóyá Bàbá máa jọ Bàbá. Wọ́n lè jọ ara wọn. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọwọ́ ayàwòrán já fáfá tó, kò lè kun ohun tí kò sí nínú fọ́tò tí ẹ kó fún un, àfi kó hùmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hùmọ̀, ibẹ̀ ni Bàbá yín á ti máa di ẹlòmíì. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ ẹ̀yin ló wà.

Kíkó àwọn tí kò jókòó pa pọ̀ sínú àwòrán kan kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1858 ni Edgar Degas, ayàwòrán ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ àwòrán ìdílé Bellelli, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Orsay ní Paris báyìí. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn méjì. Degas ti kọ́kọ́ ya ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sọ́tọ̀ sórí ìwé kó tó wá kó wọn jọ sórí kánfáásì ńlá, ìyẹn aṣọ líle tí a ń kun àwòrán sí, ó sì tó ọdún mélòó kan tó fi ń ṣe é. Bàbá obìnrin náà, tó jẹ́ bàbá àgbà Degas, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà. Aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú ló wà lọ́rùn obìnrin náà. Degas kò mú bàbá àgbà wá dúró sáàárín wọn. Ó fi àwòrán rẹ̀ kọ́ ara ògiri nínú férémù, lẹ́bàá orí ọmọ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, màá padà síbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun ló ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ẹ tẹ́ gbogbo fọ́tò sórí tábìlì, kí ẹ wo òjìji imú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣé apá ọ̀tún ló ṣubú sí ni, àbí apá òsì, àbí ìsàlẹ̀ tààrà sórí ètè? Bí ti Màmá bá lọ sápá òsì tí ti ẹ̀gbọ́n yín lọ sápá ọ̀tún, oòrùn méjì ló yọ nínú àwòrán yẹn. Ẹni tó bá ń wò ó lè má mọ ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n á máa ṣe é bíi pé wọ́n gé àwọn èèyàn náà lára kàlẹ́ńdà, wọ́n wá lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí ẹ kò bá rí òjìji rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fíláàṣì ni wọ́n tàn sí ẹni náà lójú. Ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò ní hàn, ayàwòrán ò sì ní rí ohun tó máa dì mú. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ lè yí òjìji ojú ẹnì kan padà. Kó yí ti ẹni mẹ́fà padà kó má hàn, mi ò tíì rí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ̀yin márùn-ún tí ẹ wà láyé, ẹ ṣì lè ya fọ́tò mìíràn. Bàbá nìkan ni kò lè yà á mọ́. Nítorí náà, fọ́tò Bàbá ni ọ̀gá, òun ni gbogbo yòókù máa tẹ̀ lé. Tí ẹ bá ti yan fọ́tò wọn, ẹ wo apá tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé sí wọn lójú, kí ẹ wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán, kí ìmọ́lẹ̀ gba apá kan náà wọlé sí ẹ̀yin náà. Ẹ pa gbogbo gílóòbù iná inú yàrá. Ẹ wo bóyá ẹni tó ya Bàbá dúró tàbí ó bẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá ń rí abẹ́ àgbọ̀n wọn dáadáa, ìsàlẹ̀ ni kámẹ́rà wà, bí iwájú orí bá gbòòrò tí àgbọ̀n sì kéré, òkè ni. Bákan náà ni kí ẹ gbé kámẹ́rà tiyín. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ya tirẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀, níbi tó bá wà, bí òfin méjèèjì yìí kò bá ti yẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ èyí tí ẹ na fóònù síwájú ya ara yín. Bí kámẹ́rà bá ti sún mọ́ ojú jù, imú á wú, etí á sì sá sẹ́yìn. Àwọn oníwádìí kan ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2018: fọ́tò tí a yà láti nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà máa ń mú kí imú fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ju bó ṣe máa rí láti mítà kan ààbọ̀ lọ. Kí ẹlòmíì bá yín yà á, kó dúró ní mítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá fi kámẹ́rà fà yín mọ́ra. Ti Màmá náà kò le. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ fọ́tò wọn tuntun tí ẹ máa fi sójú fóònù yín, kí ẹ sì fi síbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀rín náà ńkọ́? Ẹ̀rín tó ṣí eyín sílẹ̀ dùn ún wò nínú fọ́tò torí pé ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Lórí kánfáásì, eyín yẹn á ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún 50 ọdún. Ẹ yan ìgbà tí ojú ń rẹ́rìn-ín tí ẹnu sì pa dé, pàápàá fún àwọn ọmọdé tí eyín wọn ṣì ń yọ tó ń bọ́.

Ó wá ku pélébé ìwé ìrìnnà. Mo mọ̀ pé òun ló mọ́ jù, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀gá. Wọ́n ní kí Bàbá má rẹ́rìn-ín, wọ́n tanná sí wọn lójú, wọ́n ní kí wọ́n wo iwájú gan-an. Màmá yín kò bá ojú yẹn gbé ọjọ́ kan. Ẹ lò ó fún ìwọ̀n nìkan: bí ojú méjèèjì ṣe jìnnà síra, bí imú ṣe gùn tó, ibi tí etí wà. Ẹ wá lọ máa wá ibi tí wọn ò ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ya àwọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àbúrò wọn, àwọn ọ̀rẹ́ wọn, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Bí nẹ́gátífù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò jáde, bá ṣì wà nínú àpò fọ́tò àtijọ́, ẹ má sọ ọ́ nù, ohun tó wà lójú rẹ̀ máa ń ju ti fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ. Bí fídíò bá wà, kódà kó má mọ́, á fi bí wọ́n ṣe ń gbé orí hàn. Fọ́tò kan lè fún wa ní egungun ojú, òmíràn ẹ̀rín, òmíràn bí èjìká ṣe máa ń tẹ̀ sápá kan. Ayàwòrán tó dáa á fẹ́ rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ tún wá ọwọ́ wọn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kun ọkùnrin kan tó ti dolóògbé fún ìyàwó rẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n fún mi kò kọjá àyà, mo bá fi ọwọ́ ara mi ṣe àpẹẹrẹ, mo gbé e lé ọkùnrin náà lórúnkún. Ojú rẹ̀ jọ ọ́, mo mọ̀ pé ó jọ ọ́. Obìnrin náà dé, ó dúró síwájú àwòrán, kò tilẹ̀ pẹ́ lórí ojú. Ọwọ́ ló tẹjú mọ́. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ọwọ́ wọn. Àtàńpàkò wọn fẹ̀ lórí, wọ́n sì máa ń ká a mọ́ abẹ́ ìka yòókù tí wọ́n bá jókòó." Mo gbé kánfáásì padà, mo fá ọwọ́ náà kúrò. Nígbà tó yá, àkọ́bí wọn ọkùnrin wá jókòó fún mi. Mo ní kó gbé ọwọ́ lé orúnkún, mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé e lé e, àtàńpàkò rẹ̀ sì ká sábẹ́ ìka fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń béèrè ọwọ́ kí n tó béèrè ojú. Bí ẹ kò bá rí fọ́tò ọwọ́ Bàbá, ẹ wo inú ìdílé, ẹnì kan ti gbé ọwọ́ náà wáyé.

Fọ́tò àtijọ́ tún lè jẹ́ èyí tí wọ́n dojú nẹ́gátífù rẹ̀ délẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí ọ̀tún á fi di òsì. Ẹ wo àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì: apá òsì ẹni tó wọ̀ ọ́ ló sábà máa ń wà. Bó bá wà lápá ọ̀tún, ẹ fura, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń la irun àti ọwọ́ tí wọ́n ń so aago mọ́. Ẹni tó bá bá wọn gbé fún ọdún gbọọrọ máa mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Tí ẹ bá ti yan gbogbo rẹ̀ tán, ẹ má fi kámẹ́rà fóònù ya fọ́tò bébà. Ẹ gbé e lọ síbi tí skáànà wà, kí wọ́n ṣe pélébé ní 1,200 dpi (iye àmì tóótòòtó tí skáànà ń kà nínú ínǹṣì kan), kí wọ́n ṣe àwọn tó tóbi ní 600. Bí ẹ bá máa fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, torí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á sọ ọ́ di kékeré, àwọn ìlà tín-ín-rín ẹ̀gbẹ́ ojú á sì lọ. Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe: ẹ má fi áàpù AI tó ń sọ fọ́tò àtijọ́ di tuntun tún ojú Bàbá ṣe. Á mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ìpéǹpéjú àti eyín tó máa fi síbẹ̀, òun ló hùmọ̀ wọn. Fọ́tò tó ṣókùnkùn tó jẹ́ ojú Bàbá wúlò fún mi ju èyí tó mọ́ rekete tó jẹ́ ojú ẹlòmíì.

Àwọ̀ ara gba sùúrù. Fọ́tò aláwọ̀ tó ti pẹ́ máa ń pọ́n torí pé àwọn aró inú rẹ̀ kì í ṣá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fíìmù aláwọ̀ ìgbà náà gan-an, ara aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú ẹni dúdú fi máa ń wọnú òkùnkùn. Fóònù ìsinsìnyí tún ní tirẹ̀: òmíràn á bó èèyàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń dán ojú nínú fóònù. Nígbà tí ẹ bá ń ya fọ́tò tuntun, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan di bébà funfun mú lẹ́ẹ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, kí ayàwòrán lè mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣe sí àwọ̀. Fún ti Bàbá, ta ló ní àwọ̀ wọn nínú yín? Ẹ ya ẹni náà, kí ẹ kọ ọ́ sí i pé "bí èyí ni, ṣùgbọ́n wọ́n dúdú jù ú lọ díẹ̀." Bí ẹ bá sì ń wo iṣẹ́ ayàwòrán, ẹ wo bó ṣe ń kun ara dúdú. Ara dúdú máa ń gba búlúù ojú ọ̀run síwájú orí, etí rẹ̀ máa ń pọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ ilẹ̀ kan náà ló fi ń kun gbogbo èèyàn, ẹ wá ẹlòmíì.

Níbo ni kí Bàbá wà? Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín ló máa jókòó sọ èyí, kó tó di pé ẹ pe ẹnikẹ́ni. Ẹ lè mú wọn dúró sáàárín yín, kí ọwọ́ wọn wà léjìká Màmá. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ pinnu ọjọ́ orí wọn. Bí wọ́n bá wà bí wọ́n ṣe rí ní ọdún 11 sẹ́yìn, Màmá ẹni 70 ọdún á jókòó ti ọkọ tó dà bí àbúrò wọn. Mo ti rí ìyá tí inú rẹ̀ dùn sí i, mo ti rí èyí tí kò lè wò ó. Ọ̀nà kejì ni ti Degas, kí wọ́n wà nínú férémù lára ògiri, kí ọmọ kékeré sì máa wò wọ́n láti ìsàlẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn fún ọmọ tí kò bá bàbá àgbà rẹ̀. Kò parọ́ fún un pé wọ́n pàdé, síbẹ̀ ojú méjèèjì pàdé. Ó tún ní àǹfààní kan: àwòrán tó wà nínú àwòrán lè ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ẹ ò ní máa wá fèrèsé kiri.

Fún ẹni mẹ́fà, ọ̀dà olóròóró ni mo máa yàn. Kì í tètè gbẹ, ìyẹn ló ń jẹ́ ká lè po àwọ̀ ara pọ̀ díẹ̀díẹ̀ ká sì tún àṣìṣe ṣe. Ákírílíkì, ọ̀dà oníke tí a ń fi omi pò, dára, àmọ́ ó ń gbẹ kíákíá mọ́ ayàwòrán lọ́wọ́. Ọ̀dà olómi ń sá fún ìmọ́lẹ̀, ó sì nílò dígí níwájú. Ẹ má fojú kéré èédú àti pẹ́ńsùlù o: bí gbogbo fọ́tò Bàbá bá jẹ́ dúdú-àti-funfun, àwòrán èédú á sọ gbogbo yín di ọ̀kan, ìjà àwọ̀ á sì tán. Ní ti ìwọ̀n, orí àgbàlagbà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 láti àgbọ̀n dé àtàrí. Bí ẹ bá kó ẹni mẹ́fà sórí kánfáásì tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 50 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ò ní ju ẹyin adìyẹ lọ. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ 70 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 100 ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹni tó ní òun á parí ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má tíì sanwó fún un. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ló ń bá a dàpọ̀ títí yóò fi le. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó lè má tíì ṣeé fọwọ́ kàn. Àwọn kan máa ń tẹ fọ́tò sórí kánfáásì, wọ́n á fi ohun tó dà bí àtè tó mọ́ gaara pa á lójú kó lè dà bí ipa búrọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Lórí iṣẹ́ ọwọ́, ipa búrọ́ọ̀ṣì ń yí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń yí, ibi tí àwọ̀ bá ti yí padà ni òun náà ti ń yí. Lórí ayédèrú, ó kàn ń lọ káàkiri láì bìkítà ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi awò asọ-nǹkan-di-ńlá wò ó, ẹ máa rí àmì tóótòòtó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ẹ ní kí ayàwòrán tí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún fi iṣẹ́ mẹ́ta tó ti ṣe hàn yín, fọ́tò rẹ̀ lápá kan, àwòrán rẹ̀ lápá kejì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ arúgbó, kí ọ̀kan jẹ́ ọmọdé. Kí àdéhùn wà lórí ìwé. Owó àkọ́kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, òmíràn nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí ìlà tó fi pẹ́ńsùlù tàbí èédú fà, ìyókù nígbà tó bá parí. Ìgbà tí iṣẹ́ ṣì jẹ́ ìlà lásán ni kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ nípa ìjókòó, ìwọ̀n àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ta ni. Tó bá ti kun orí àti ara tán, kí ẹ ní kó sún ọmọ kan sápá òsì, iṣẹ́ tuntun ni ẹ gbé fún un yẹn. Ẹ kọ iye ìgbà tó máa ṣe àtúnṣe síbẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ojú kò bá jọ. Bó bá jẹ́ ilé fọ́tò ló ya èyí tí ẹ fẹ́ lò, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, torí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó ya fọ́tò ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayàwòrán: ẹ ti ra àwòrán, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì tàbí kàlẹ́ńdà ṣì lè wà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi tí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé.

Oṣù mẹ́jọ tó, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ fi oṣù kan wá fọ́tò, kí ẹ sì fún ayàwòrán ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Fáníìṣì ìkẹyìn, ohun tó mọ́ gaara tí a fi ń bo ojú àwòrán láti dáàbò bò ó, sábà máa ń dúró di oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lẹ́yìn tó bá parí, nítorí náà ẹ lè fún Màmá ní àwòrán lọ́jọ́ wọn, kí ayàwòrán wá fi í sí i nígbà tó bá yá. Ẹ kọ ìyẹn náà sínú àdéhùn. Ẹ má gbé e kọ́ ibi tí oòrùn ń wọlé sí tàbí ibi tí èéfín ń gbà, ẹ má sì fi aṣọ tútù nù ún láé.

Kó tó parí pátápátá, kí ẹnì kan tó mọ Bàbá dáadáa tí kò sì mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí wá wò ó. Àbúrò wọn kan dára fún un. Ẹ má bi í bóyá ó jọ wọ́n. Ẹ kàn gbé e síwájú rẹ̀, kí ẹ máa wo ibi tí ojú rẹ̀ bá dúró sí.

Bí ẹ bá sì rí fọ́tò Bàbá mìíràn lọ́sẹ̀ yìí, kódà kí wọ́n ti yíjú sápá kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó pe ayàwòrán kankan. Màá sọ fún yín ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó yẹ kí Màmá jókòó sí.